Irà Tí Katakata Bò Mọ́lẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni ọkùnrin yìí fi wa katakata, débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju Bàbá Katakata lọ. Nígbà tí wọ́n ní kó lọ dí irà tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ṣebí ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò gbà pé ẹ̀fọn ti ń wá.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ti iyẹ̀pẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, tọmọ tìyá, wọ́n ń fò bọ̀ níwájú ẹ̀rọ bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. Ó dúró. Ọ̀gá rẹ̀ pariwo láti ẹ̀bá títì pé, "Kí lo ń wò? Ṣé àna rẹ ni wọ́n ni?" Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ síwájú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, ìyàwó rẹ̀ ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, ló bá dáwọ́ dúró.

"Bàbá Katakata, ẹ gbọ́."

"Kí ni kí n gbọ́?"

"Kò sí igbe ọ̀pọ̀lọ́ kankan mọ́. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ nìyẹn."

Nígbà ẹ̀rùn, okùn kànga wọn kò kan omi mọ́. Ẹ̀fọn tí wọ́n ní yóò tán wá ń yéyin sínú gọ́tà àti agolo. Òjò àkọ́kọ́ dé, omi ya wọ yàrá, ó gbé bàtà, ó gbé ẹní.

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà wá bá wọn gbọ́n omi náà. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú o. Irà yẹn ló ń mu omi òjò tẹ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń fún kànga wa. Ọmọ lámilámi inú rẹ̀ ló ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn. Ní báyìí, omi ò ríbi lọ, ẹ̀fọn ò sì rẹ́ni mú un."

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Katakata ti ń gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ lábẹ́ ilẹ̀. Á dọ̀bálẹ̀, á fi etí lé sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ yàrá. Níbi iṣẹ́, bí irin ẹ̀rọ bá ti kan ilẹ̀ báyìí, á pa ẹ̀rọ, á bọ́ sílẹ̀ lọ wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó mú ṣọ́bìrì, ó ń gbẹ́ ibi tó rẹlẹ̀ jù lẹ́yìnkùlé.

Aládùúgbò kan yọjú lórí ògiri. "Bàbá, ṣé sàréè lẹ ń gbẹ́ ni?"

"Rárá," ni ó wí. "Sàréè ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Òjò kún ihò náà. Yàrá wọn gbẹ lọ́dún yẹn. Lọ́dún kejì, koríko hù létí omi, lámilámi sì dé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ kankan kò wá, torí irà tó kù jìnnà, ọkọ̀ ò sì dáwọ́ sísáré dúró lójú títì tó wà láàárín.

Ni ọmọ rẹ̀ bá bu ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ wá nínú ike láti irà ọ̀hún. Ó nà án sí i. Bàbá náà wo àwọn ohun dúdú wínníwínní inú rẹ̀, tí wọ́n dà bí ojú tó ń wò ó. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ìwọ ni kó o dà á, ọmọ mi. Bí wọ́n bá dàgbà, má sọ fún wọn pé èmi ni mo nilé yìí."

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ló bá rí i pé bàbá òun kò ṣàwàdà.