Wọ́n Ní Kí N Sọ Pé Mi Ò Rí Ẹni Tó Fọ́ Mọṣíìnì Ìdìbò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nítorí iṣẹ́ ìdìbò ọjọ́ kan péré. Ó ti pẹ́ tó ti wà níkùn mi. Tí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, ó lè di àìsàn sí mi lára!

Tíṣà ni mí, ilé ọkọ mi sì wà ní Àrẹ̀mọ. Nígbà ìdìbò tó kọjá, wọ́n yàn mí pé kí n ṣe alábòójútó ibùdó ìdìbò kan lẹ́yìn Ọjà'ba. Wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo wa jọ, wọ́n kọ́ wa níṣẹ́. Wọ́n fi mọṣíìnì tó ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò hàn wá. Wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá já ohun èlò ìdìbò gbà tàbí tó bà á jẹ́, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló ń lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fa ìlà sí i nídìí. Èmi rò pé tí òfin bá ti wà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Tíṣà lásán!

Lọ́jọ́ ìdìbò, àwọn èèyàn tètè jáde. Màmá àgbàlagbà kan wà lórí ìlà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ràṣídì. Orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ kí a mú wọn kọjá àwọn tó ti dé ṣáájú. Nígbà tó kàn wọ́n, mọṣíìnì ò rí ìka wọn kà. Ọṣẹ dúdú ni màmá yìí ń ṣe tà látìgbà èwe wọn, ìlà ìka wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. A nu ọwọ́ wọn títí, pàbó. Ojú wọn la padà fi yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí wọ́n ju ìwé wọn sínú àpótí, wọ́n jó ìjó ẹsẹ̀ méjì, gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín.

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́. Mo ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé orílẹ̀-èdè yìí á dáa.

Ọ̀sán pọ́n, ìdìbò parí, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbò. Àwọn èèyàn ń bá wa kà á sókè. Nígbà tó yá, ejẹ́ntì, aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kan, rí i pé ìbò tiwọn ò pọ̀. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí fóònù.

Kò pẹ́ rárá tí ọ̀kadà kan fi já dé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta. Méjì nínú wọn mú igi lọ́wọ́. Ẹni kẹta wá sídìí tábìlì wa tààrà, kò tilẹ̀ fi nǹkan kan bojú! Mo mọ̀ ọ́n. Ràṣídì ni, wẹ́dà tó jó irin sí fèrèsé ilé wa. Ọmọ màmá ọlọ́ṣẹ dúdú yẹn gan-an ni.

Mo kígbe pé, "Ràṣídì! Kí lò ń ṣe?"

Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ yẹ̀ fún wa díẹ̀." Ó tiẹ̀ tún bọ̀wọ̀ fún mi!

Ó gbé mọṣíìnì, ó là á mọ́ etí gọ́tà. Ó fọ́ yángá. Ó da àpótí ìbò délẹ̀, ó ń ya ìwé, ó ń dà á sínú omi ìdọ̀tí. Mo fẹ́ kó èyí tó kù, ọ̀kan nínú àwọn onígi na igi sí mi, mo sì dúró gbagidi. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣẹ́ tá a ti ń ṣe láti àárọ̀ di ẹrẹ̀.

Inú bí àwọn olùdìbò, wọ́n gbá yá wọn. Ràṣídì nìkan lọ́wọ́ tẹ̀. Wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, èmi náà lọ kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, mo dárúkọ rẹ̀. Wọ́n fagi lé ìbò ibùdó wa pátápátá.

Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, ránṣẹ́ pè mí. Àgbà ìjọ ni wọ́n o! Wọ́n ní àwọn ẹbí Ràṣídì ti wá bẹ àwọn, pé àdúgbò kan náà la jọ ń gbé.

Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, kò sẹ́ni tó ní kó o purọ́. Sáà sọ pé eruku pọ̀, o ò ríran dáadáa."

Eruku kẹ̀! Ṣé eruku ló bá mi pe orúkọ rẹ̀ ni? Mo sọ fún wọn pé mi ò lè ṣe é. Láti ọjọ́ náà, Dádì ò jẹun nílé wa mọ́.

Kọ́pà, ọmọ agùnbánirọ̀ tá a jọ ṣiṣẹ́ ní ibùdó náà, ti padà sí ìlú rẹ̀, fóònù rẹ̀ ò lọ. Gbogbo àwọn ejẹ́ntì ní àwọn ti lọ ra omi nígbà tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn! Ṣé inú odò ni wọ́n ti lọ ra omi yẹn? Àwọn olùdìbò tó mú un náà ní àwọn ò fẹ́ wàhálà. Bó ṣe di pé èmi nìkan ni ẹlẹ́rìí nìyẹn.

Kọ́ọ̀tù wáá di ibi tí mò ń lọ bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lónìí, lọ́yà ò wá. Ní ìgbà mìíràn, wọn ò rí fáìlì. Ẹ̀yìn ìyẹn, wọ́n ní ara adájọ́ ò yá. Wọ́n á sún un síwájú, màá padà sílé. Ọ̀gá iléèwé wa ti ń fojú burúkú wò mí nítorí ààyè tí mò ń gbà. Àbí èmi ni mo ṣẹ̀ ni?

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Ìyá Ràṣídì wá sílé mi. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti fẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Mo sáré dì wọ́n mú, mo fà wọ́n jókòó.

Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ ṣàánú mi. Wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ fún un ní káńsù ni."

Ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni pé, "Màmá, ìbò tiyín náà wà nínú èyí tó dà sí gọ́tà."

Wọ́n fọwọ́ ra orúnkún wọn.

"Mo mọ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo rí i. Ṣùgbọ́n òun ló ń gbé mi lọ sọ́sibítù."

Mo bi wọ́n léèrè ẹni tó rán an. Wọ́n dárúkọ olóṣèlú kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Mo ní kí ló dé tí Ràṣídì ò sọ ọ́ fún ọlọ́pàá? Wọ́n rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú.

"Òun ló gba lọ́yà fún wa. Ó ní tá a bá fi lè dárúkọ òun, òun ò mọ̀ wá rí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Mo bínú sí Ràṣídì, mo bínú sí ara mi. Ọkọ mi ní ohun tí mo bá ṣe, òun wà lẹ́yìn mi. Mo lọ jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù.

Lọ́yà Ràṣídì bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo ń lo awò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, fún ìwé kíkà. Ó ní ṣé mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà? Mo ní, "Rárá, sà. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta jó irin nílé mi, mi ò nílò awò kí n tó dá a mọ̀." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ràṣídì tẹrí ba, kò wò mí.

Adájọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo rò pé inú mi máa dùn. Ìyá rẹ̀ ò pariwo, wọn ò sì ṣépè. Wọ́n kàn sún mọ́ ẹ̀ṣọ́ kan, wọ́n bi í bóyá wọ́n máa ń fún àwọn tó ń gbààwẹ̀ ní sààrì nínú lọ́hùn-ún. Ìbéèrè yẹn ló pa mí lẹ́kún.

Ẹni tó rán an ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí i nítòsí Mápó, ó ń ṣí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn onígi méjèèjì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ara wọn ń dán! Mo lọ bá lọ́yà ìjọba. Ó ní bí Ràṣídì ò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò sí ohun tí òun lè ṣe.

Ìyá Ràṣídì kì í dá mi lóhùn mọ́ tí mo bá kí wọn. Mo ṣì ń kí wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: ẹni tí wọ́n bá bá níbẹ̀ ni òfin máa ń mú. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí ìdìbò tó dé. Bí olóṣèlú bá rán ọmọ yín lọ fọ́ àpótí ìbò, kó bi í pé ọmọ tiẹ̀ dà? Kó fi í ṣáájú, ká jọ máa lọ!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti ṣe ẹlẹ́rìí rí tí àwọn èèyàn yín ní kí ẹ sọ pé ẹ ò rí nǹkan kan? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Bí lọ́yà bá sì wà láàárín yín tó mọ ọ̀nà tá a lè gbà mú ẹni tó ránni níṣẹ́, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀, mi ò ṣàwàdà.

Wọ́n tún ti ń wá àwọn tó máa ṣiṣẹ́ ìdìbò tó ń bọ̀. Ọkọ mi ní kí n fi ara mi lọ́rùn sílẹ̀. Mo ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ láàárọ̀ yìí.