Ohùn Kẹ́hìndé Nínú Ẹ̀rọ Mùsíọ́mù

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. N kò mutí, n kò sì í ṣe aláròsọ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá sí Ìlá Ọ̀ràngún níbí kó wá bi ìyàwó mi.

Mùsíọ́mù kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá wá, wọn a máa yán, wọn a máa béèrè ìgbà tí wọn yóò lọ ilé. Ìgbà tí a gbé ẹ̀rọ kan dé, tó dà bíi fóònù gàgàrà tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, nǹkan yí padà. O fi ìka tẹ àwòrán ère, ère á bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹ wo bí àwọn ọmọ ṣe ń jà du iwájú! Inú mi dùn, n kò ní purọ́, nítorí èmi ni mo ń fi ohùn sínú rẹ̀.

Ère ìbejì méjì wà níbẹ̀ tí Ìyá àgbà kan ní Òkè-Ìlá yá wa. Àwọn àbúrò rẹ̀ tó kú ní kékeré ni wọ́n gbẹ́ wọn fún. Èmi náà bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo ní kí Táyé ọmọ mi wá kí àlejò ní orúkọ Táyé inú ère, mo sì gba ohùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ikọ́ ń ṣe Kẹ́hìndé lọ́jọ́ náà, mo fi í sílẹ̀ nílé. Mo ní mà á gba tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ̀yin náà mọ ọjọ́ mìíràn, kì í tètè dé.

Lọ́jọ́ tí Ìyá wá wo ẹ̀rọ náà, ó tẹ Táyé, Táyé kí i. Ó tẹ Kẹ́hìndé, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ère lẹ́nu.

"Bàbá ìbejì, a kì í fún ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀."

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀rọ lásán ni."

Ó yí padà, ó sì jáde.

Ikọ́ Kẹ́hìndé lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ bá a lọ. Dókítà yẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Ọmọ tó ń pariwo jù nínú ilé wá di ẹni tó ń nawọ́ sí omi. Táyé ló ń bá a sọ ohun tó bá fẹ́. Ó dùn mí dọ́kàn.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ní ọ̀sán gangan, iná ti lọ láti àárọ̀, kò sì sí àlejò kankan. Mo ń fi aṣọ nu ojú ẹ̀rọ. Ó dúdú, ẹ gbọ́ mi o, ó kú pátápátá.

Ohùn kan jáde níbi tí àwòrán Kẹ́hìndé máa ń wà. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹlòmíràn.

"Ẹ káàbọ̀. Èmi ni Kẹ́hìndé."

Orí mi wú. Kò sí bí bàbá ṣe lè ṣi ohùn ọmọ rẹ̀ gbọ́. Ohùn ọmọ mi ni. Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù.

"Kẹ́hìndé dà?"

"Ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń mì, Bàbá ìbejì. Bíi pé ó ń kí ènìyàn."

Nígbà tí iná dé, mo yẹ inú ẹ̀rọ wò. Ní ti ère ìbejì, ohùn Táyé nìkan ni mo gbà sílẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra, ṣùgbọ́n ohùn méjì ni mo bá níbẹ̀.

Mo fi han ọ̀gá mi, ó ní kí n pa ohùn tí a kò mọ orísun rẹ̀ rẹ́. Mo sáré lọ bá Ìyá ní Òkè-Ìlá. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kẹ́hìndé inú ère ló wá gba ìpín tirẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á padà."

Mo mú Kẹ́hìndé dé iwájú ẹ̀rọ náà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní ìró. Mo sunkún lójú ọmọ mi.

Bí mo bá pa ohùn náà rẹ́, ṣé yóò padà sí ọ̀fun rẹ̀ ni, àbí mo ti sọ ọ́ nù títí láé? Ọ̀gá ní òun kò fẹ́ bá a níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fi ìbejì ta lọ́rẹ, ohun tí ẹ bá fún ọ̀kan, ẹ fún èkejì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ì báà ṣe ohùn lásán. Òní ni Àìkú. Láàárọ̀ ọ̀la mà á dúró níwájú ẹ̀rọ yẹn, n kò sì tíì mọ ohun tí ìka mi yóò ṣe.