Obì Lẹ́nu Àlàjá Wúlẹ̀mọ̀tù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun rí Àlàjá Wúlẹ̀mọ̀tù níbi tó ti dákẹ́ rí, ẹ bi onítọ̀hún bóyá ojú oorun ni Àlàjá wà. Mo sì gbọ́ pé ó máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun pàápàá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo pàtẹ sí ní ọjà obì Ṣàgámù. Òun ń ta gbànja, èmi ń ta ewé tí wọ́n fi ń dì í, etí mi tó wà lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ti gbó ju ìkejì lọ. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, á dáhùn, á béèrè ará ilé yín, á sì bá yín sọ pé wọ́n wà dáadáa. Kí oníbàárà tó ya ẹnu, Àlàjá á ti bá a béèrè iye, á ti bá a nájà, á ti bá a bínú, á sì ti bá a gbà. Ó kù kí oníbàárà sanwó.

Ọmọ ọmọ rẹ̀, Hàmdálátù, ló ń bá a gbé nílé rẹ̀ ní àdúgbò Òfin. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, kì í sì í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ di. Ẹ rọra ṣí ìdérí ìkòkò ẹran, á ti ẹ̀yìnkùlé dé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó dà bíi “fọ”. Kíá ni Àlàjá á ti bá a túmọ̀ rẹ̀: “Ó ní ká fọ orí òun!” Wọ́n á fọ orí. Lọ́jọ́ kejì, “Ó ní ká fọ ẹnu òun!” Wọ́n á fọ ẹnu. Bó bá ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ obì ni, á ní ọmọ òun ti mọ iṣẹ́, ó ní kí wọ́n fọ obì. Bí wọ́n bá sì rò pé “fọ́” ló sọ, wọ́n á sáré kó àwo tánganran pamọ́. Kò sí ọmọ tó mọ́ tó o ní gbogbo Òfin.

Ohun tí Àlàjá fúnra rẹ̀ máa ń pariwo lé e lórí látàárọ̀ dalẹ́ ni, “Fọ̀! Hàmdálátù, fọ̀ kí n gbọ́!” Fọ̀ ni àwa àgbà Rẹ́mọ máa ń pe sọ̀rọ̀.

Àwọn ààfáà ti fún un ní omi hàntú mu. Ẹnì kan tún ní omi tí ayékòótọ́ bá mu kù ló ń la ohùn ọmọ. Wọ́n wá ayékòótọ́ dé Ìlárá. Ọmọ mu omi náà, kò fọhùn. Àlàjá tọ́ díẹ̀ wò nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá tún lé sí i.

Raqeebah, ìyá ọmọ náà, tí í ṣe ọmọ Àlàjá, ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó wálé kẹ́yìn, ó ní, “Màámi, bí Iléyá bá kọjá tí nǹkan ò yí padà, màá wá mú un. Ilé ìwé kan wà lọ́dọ̀ wa tí wọ́n ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ báyìí, ibẹ̀ ni á máa gbé.”

Lọ́jọ́ kejì, ojú Àlàjá pọ́n dé ọjà. Ó ní, “Bí wọ́n bá mú un lọ, ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀?”

Mo fẹ́ sọ pé gbogbo ayé ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀, a ò sì rójú sùn. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun.

Èmi ni mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ Bánkẹ́ Ṣóbọ̀wálé ní Ìkẹ́nnẹ́, tíṣà tó kọ́ṣẹ́ nípa àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ lẹ́nu wọn. Bánkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín sí i. “Kí lorúkọ rẹ?”

“Hàmdálátù ni,” ni Àlàjá wí. “Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí i, òjò ń rọ̀.”

“Kí lo fẹ́ràn láti jẹ?”

“Mọ́ínmọ́ín! Ṣùgbọ́n kì í jẹ ata.”

Bánkẹ́ na bọ́ọ̀lù kékeré kan sí ọmọ náà. Àlàjá ní, “Ó ní ẹ ṣeun.”

Bánkẹ́ dìde. “Ìyá, ẹ má bínú sí mi, mà. Ọmọ yín ń gbọ́ràn, ó sì ní òye. Ọ̀nà ọ̀rọ̀ ló jìn fún un ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kó tó rìn ín débi ẹnu, ẹ ti bá a sọ ọ́ tán. Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní nǹkan, ẹ di nǹkan náà mú lọ́wọ́, ẹ wo ọmọ lójú, kí ẹ dúró. Ẹ má bá a dáhùn. Bí ó bá sì dún, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa, bóyá dò ni o, bóyá re ni, bóyá mí ni. Ohùn máa ń tètè dé ẹnu ọmọ ju ọ̀rọ̀ lọ.”

“Kí n dákẹ́?” ni Àlàjá bi í, bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ ta ilé.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ẹ ò rí i pé oògùn wà tó korò ju dóńgóyárò lọ. Àlàjá gbìyànjú, ẹnu kọ̀. Nígbà tó yá, ó mú odidi gbànja kan, ó kì í bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pa ẹnu dé. Báyìí ló ṣe wọ ọjà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n kí i, orí ló mì. Wọ́n béèrè àlàáfíà, orí ló mì. Mo ní kí n ṣàlàyé fún wọn, ṣùgbọ́n ta ni á gbà á gbọ́? Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó jí ní kùtùkùtù, tó ki obì bọ ẹnu, tí kò kí ènìyàn, oògùn àìfọhùn ló ń ṣe. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ọjà ti gbà pé àwọ̀rọ̀ ni Àlàjá ń lò láti fa oníbàárà wọn. Lóòótọ́, ọjà rẹ̀ ń tà sí i. Àwọn oníbàárà ń ráyè sọ iye tí wọ́n fẹ́ rà.

Iléyá kọjá. Lọ́jọ́ tí Raqeebah ń bọ̀ wá mú ọmọ, Àlàjá jókòó sídìí àtẹ, ó di mọ́ínmọ́ín kan mú níwájú Hàmdálátù, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń dúró. Ìgbà náà gan-an ni Ìyá Ridwanullah, tí òun náà ń ta obì lọ́jà wa, kó àwọn olóbì yòókù lẹ́yìn dé.

“Àlàjá! Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe é nílé rẹ̀! Ẹ tiẹ̀ ti lọ sí Mẹ́kà, ẹ ò tijú!”

Àlàjá kò yí ojú. Mo mọ irú èébú tó ní, ṣùgbọ́n ó fi eyín di obì náà mú. Raqeebah náà yọ, àpò aṣọ ọmọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Màámi, kí ló dé? Ẹ dá wọn lóhùn o!” Síbẹ̀, ọmọ náà ni Àlàjá ń wò, ó dúró.

Hàmdálátù wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò fọwọ́ kan mọ́ínmọ́ín. Ó gun orí itan ìyá àgbà rẹ̀, ó ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó yọ obì náà jù sílẹ̀.

Ó ní, “Fọ̀.”

Ìyá Ridwanullah ní, “Ó ní kẹ́ ẹ fọ obì náà.”

Mo ní kí ó gbẹ́nu dákẹ́. Hàmdálátù tún tẹjú mọ́ ìyá àgbà rẹ̀.

“Ìyá, fọ̀.”

Dò ni, kì í ṣe re. Mo kígbe. Kò sọ fún wa rí pé ká fọ orí, kò sì ní ká fọ obì. Ohun tí à ń pariwo lé e lórí ló ń dá padà fún wa látọjọ́ yìí, àwa sì ń fi kànìnkànìn dá a lóhùn. Raqeebah gbé àpò aṣọ sílẹ̀, òun náà sì jókòó ti ìyá rẹ̀ nílẹ̀.

Àlàjá Wúlẹ̀mọ̀tù la ẹnu. Ẹnu tí mo mọ̀ yìí, kò mú nǹkan kan jáde, àfi omi ojú. Hàmdálátù fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá àgbà rẹ̀ mú, ó wò ó lójú, ó dúró. Kò bá a dáhùn.