Lẹ́tà Mẹ́sàn-án Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Ìwé Miho

Miho ẹ̀gbọ́n mi kú ní oṣù Kejì nínú yàrá tó ti ń yàwòrán, lábẹ́ òrùlé tó ń jò sí i lára. Ilé àwòrán ìlú ló ni yàrá náà. Àwọn ará ilé àwòrán yìí kan náà ló wá sunkún jù níbi ìsìnkú. Ta ni wọ́n ń tàn?

Èmi Velika kò mọ̀wé. Slavka, obìnrin tó ń pín lẹ́tà ní abúlé wa, ló ń bá mi kọ èyí sí ẹ̀yin olórí ìlú. Òun ló ń ka lẹ́tà Miho fún mi lẹ́nu géètì fún ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Màmá, ẹ ti gbọ́ ọ kẹ̀!”

“Tún un kà. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò lo ń sọ, ẹnu ò ní máa ro ẹ́.”

Miho kì í ṣe ẹni mímọ́. Ó fi màlúù sílẹ̀ fún mi, ó lọ ń ya òkè tí èmi ń fẹsẹ̀ gùn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tó bá kọ̀wé pé òkè náà dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò kí òjò tó dé, èmi tí mò ń gbé níbẹ̀ á tún jáde lọ wò ó.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́ tó kú, a se àlìkámà lọ sí ojú oórì bí àṣà wa. Damyan, ọ̀gá ilé àwòrán, wá. Àlìkámà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi ní, “Màmá, ẹ kó lẹ́tà bàbá Miho fún wa, a máa fi ṣe ìwé.” Ọjọ́ yẹn ni à ń fi ẹrù òkú tọrẹ, a kì í sì í kọ̀ fún ẹni tó bá tọrọ. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un. Òmùgọ̀ ni mí.

Ìwé dé. Slavka kà á fún mi títí dé lẹ́tà ìgbà tí à ń kó àsálà, ó bá pa á dé.

“Ó tán, Màmá.”

“Kò lè tán! Lẹ́tà òrùlé dà?”

Mẹ́sàn-án ni wọ́n yọ. Orúkọ Damyan wà nínú gbogbo wọn. Mo mọ̀ wọ́n lórí. Ẹ gbọ́ ọ̀kan: “Velika, garawa mẹ́ta ni mo gbé kalẹ̀ lónìí. Ikọ́ yìí ò lọ. Mo tún lọ bá Damyan. Ó ní kí n ṣí agbòjò.” Kí arúgbó ṣí agbòjò nínú ilé! Ṣé inú ilé tìrẹ náà lo ti ń ṣí i, Damyan?

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a.

“Màmá, ọ̀rọ̀ ilé lásán ni ìyẹn, kò sí ọnà nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀wé, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọn ò pé?”

“Etí ni mo fi ń kàwé. Ó ṣòro kéèyàn ya ojú ìwé kúrò nínú etí.”



Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ìlú, ẹ pè é jáde. Kó kó lẹ́tà mẹ́sàn-án náà wá, kí ẹ tẹ̀ wọ́n sínú ìwé. Tó bá ti sun wọ́n, kó jókòó síwájú mi níṣojú gbogbo ìlú. Màá máa sọ wọ́n, Slavka á máa kọ wọ́n, Damyan á sì máa buwọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan pé Miho sọ fún òun, òun sì gbọ́.

Tó bá jẹ́ ikú mi ló ń retí, Slavka náà ti mọ̀ wọ́n lórí.