Ènì Tí Màmá Mi Fi sí Ìwọ̀n Mi

Èmi kì í gba ìwọ̀sí, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ti wọ́ mi nílẹ̀ rí. Eré káàtì ni mò ń sá, mọ́tò pẹlẹbẹ kékeré tí ìdí èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀ nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe ní Fọlá Agoro. Tó bá di Sátidé, ẹ kúrò lọ́nà fún mi.

Wàhálà mi ò ju pé mo tínrín lọ. Ìsọ̀rí méjì ló wà nínú ẹgbẹ́ wa: ti àwọn tó fúyẹ́ àti ti àwọn tó wúwo. Lọ́dún yìí, wọ́n ní ẹni tó bá gbégbá orókè láàárín àwọn tó wúwo nìkan ni àwọn máa gbé lọ sí ìdíje òkè òkun. Mo ní èmi ni. Òfin náà gbà mí láàyè: tí èmi àti káàtì mi ò bá tó ìwọ̀n, kí n fi òjé kún un, kí n fi bóòtù dè é mọ́ àga. Òjé kankan ò gbọdọ̀ sí nínú àpò tàbí lára aṣọ. Tí eré bá parí, wọ́n á tún wọn èèyàn.

Ọkùnrin kan wà láàárín wa tí ikùn ẹ̀ máa ń ṣáájú ẹ̀ débi gbogbo. Ìgbálẹ̀ ló ń pè mí. Mo ní kó rọra, pàǹtí ni ìgbálẹ̀ ń gbá.

Màmá mi ń ta ẹja ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà. Mo tọrọ òjé àwọ̀n tó ti gbó lọ́wọ́ wọn, mo yọ́ ọ, mo dè é mọ́ àga. Wọ́n bi mí bóyá ó tó. Mo ní ó ṣe rẹ́gí.

"Rẹ́gí kẹ̀? Ta ló ń wọn nǹkan fún èèyàn tí kì í fi ènì sí i?"

Mo rẹ́rìn-ín. Màmá sì bá mi fọ aṣọ eré mi, mo dúpẹ́, wọ́n tẹ̀lé mi lọ pápá.

Mo gbá pàǹtí lọ́jọ́ náà o! Ipò kìíní ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gun òṣùwọ̀n, mo wúwo ju bí wọ́n ṣe mọ̀ mí lọ. Oníkùn ní kí wọ́n yẹ ara mi wò. Obìnrin tó ń ṣọ́ òṣùwọ̀n tẹ ìṣẹ́tí ṣòkòtò mi, ó mú abẹ́, ó tú u. Òjé àwọ̀n ló ń jábọ́, wọ́n fi okùn àwọ̀n rán an lẹ́sẹẹsẹ. Mo mọ ọwọ́ tó rán an.

Màmá sáré dé ọ̀dọ̀ wa. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ò sí lára ìwọ̀n. Ènì ni."

Obìnrin náà tún wọ̀n mí láìsí òjé yẹn. Mo ṣì tó. Ó mi orí. "Mà, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n òfin wa ò mọ ènì."

Wọ́n fagi lé mi. Oníkùn ló ń lọ òkè òkun.

A padà dé Bàrígà. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ni mo ti bú gbàù. "Màmá, ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́? Ẹ ti bà á jẹ́ fún mi!"

Wọn ò bínú. "Mo rí eré yẹn nínú fóònù ẹ. Ẹ̀rù bà mí. Bí o ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, mo ní kí mọ́tò yẹn má lọ jù ẹ́ nù. Ìwọ nìkan ni mo bí."

Ìbínú ò tíì kúrò lára mi, ṣùgbọ́n ẹkún ló ṣáájú ẹ̀ jáde.