Ìyá Àmì àti Ọkọ́ Tó Kújú

Ẹni tó bá dárúkọ Ìyá Àmì, ọ̀rọ̀ ọkọ́ ló máa ń tẹ̀ lé e. Nígbà ayé rẹ̀, ìwé tó fi kó ìtàn àwọn obìnrin àdúgbò jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìtẹ̀wé ni, ìtàn onídìrí kan ládùúgbò sì wà nínú rẹ̀. Ìtàn àgbẹ̀bìnrin kan ni, tí ọkọ́ tó fi ń roko kò gé koríko mọ́. Àkọlé rẹ̀ ni "Ọkọ́ Mi Ti Kújú". Atẹ̀wé gbàgbé àmì orí ọkọ́, ló bá di "Ọkọ Mi Ti Kújú".

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ onídìrí, tó jẹ́ káfíńtà, ti dé ilé ìtẹ̀wé pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti fi í rẹ́rìn-ín títí.

"Ṣé èmi ni mo kújú? Ẹ yọ ìtàn yẹn kúrò!"

Ẹnu ọ̀nà ni onídìrí dúró sí, ẹ̀rù ń bà á. Ìtàn kan ṣoṣo tó kọ láyé rẹ̀ nìyẹn.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká kúkú fà á ya," atẹ̀wé bẹ̀bẹ̀. "Àmì kékeré lásán ni."

"Bó bá jẹ́ lásán, kí ló gbé òòlù wá síbí?" Ìyá Àmì jókòó, ó fa bíírò yọ. "Kó gbogbo ìwé náà wá. Ìtàn kankan ò ní kúrò níbẹ̀."

Ó ń fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó yíjú sí káfíńtà. "Ọmọ mi, ìyàwó ẹ mọ orúkọ ẹ. Bó bá fẹ́ bú ẹ, kò ní gba oko kọjá. Wá bá mi ṣí ìwé." Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀. Òun gan-an ló wá ń rí àwọn èyí tí ìyá fò.

Tíṣà ni Ìyá Àmì kó tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ oríkunkun rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Kí ìwé náà tó wà rárá, olùtàwé kan ló sọ fún un pé kò sí obìnrin tó ń kọ̀wé ládùúgbò. "Ṣé o wá wọn tì ni, àbí o ò wá wọn?" ló bi í, ó sì bọ́ sójú títì. Nọ́ọ̀sì kan fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, Ìyá Àmì ní òun ò ní jókòó àfi tó bá mú ìtàn rẹ̀ jáde. Ní ìsọ̀ onídìrí, ó rí bébà lábẹ́ tìmùtìmù, ló bá dìde láàárín irun dídì. "O ò ní parí ẹ̀ àfi tí o bá fún mi níyẹn." Ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ wà ní dídì, èkejì rí játijàti, ó sì gbé e lọ sọ́jà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni onídìrí mú ìtàn náà lọ fún un, nítorí àwọn èèyàn ti ń béèrè ta ló di irun yẹn.

Nígbà tí onídìrí ka ìwé náà, ẹnu yà á. Aránṣọ ìsọ̀ kejì, tí wọn kì í kí ara wọn nítorí omi ìdọ̀tí, ló kọ ìtàn tó pa á lẹ́kún. Onídìrí ti rò pé òun nìkan ló ń kọ̀wé bí ẹni ń jalè. Ó lọ bá a.

"Ìwọ lo kọ eléyìí?"

"Èmi ni. Èmi náà ti ka tìẹ. Ṣé ọkọ ẹ ti bínú tán?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí oníbàárà fi bínú lọ.

Ìyá Àmì kú kí ìwé kejì tó bẹ̀rẹ̀. Olùtàwé ní ó parí nìyẹn. "Lẹ́nu ta ni?" ni onídìrí dá a lóhùn, òun náà sì bọ́ sójú títì. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn ló kọ́kọ́ fún un ní bébà. Onídìrí kà á lórí ìdúró. Nítorí bó ṣe dùn tó, ó yíjú kó pe Ìyá Àmì kí ó wá wò ó. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Ṣé kò dáa tó bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ó dáa," onídìrí nu ojú rẹ̀. "Ẹni tí ì bá yọ̀ jù ni kò sí mọ́. Ó yá, jókòó, fẹnu ara ẹ kà á fún mi."