Awọ Tí Alágbàfọ̀ Fà Sẹ́yìn

"Ìyá, ta ló fà á sẹ́yìn?"

Nọ́ọ̀sì ló bi Alágbàfọ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ọmọ náà. Ọmọ ọmọ ìyá yìí ló gbé lé itan, ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá Kékeré ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí ó máa ń káwọ́ sẹ́yìn rìn bí àgbà. Wọn ò kọlà abẹ́ fún un.

Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin yìí ti ń fọṣọ jẹun. Kò sí aṣọ tó ń wọ omi lọ́wọ́ rẹ̀ kó má kọ́kọ́ yí àpò rẹ̀ síta. Á ní kọ́lọ́fín ni ìdọ̀tí ń sá sí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ti ń wẹ ọmọ, ó rí nǹkan funfun lábẹ́ awọ tó bo orí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀. Ó pè é ní ìdọ̀tí. Ó fi ọṣẹ sí i, ó fà á. Ọmọ figbe ta. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó wọ ṣòkòtò fún un, kò dá awọ náà padà sáyè rẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, awọ ti fún mọ́ ọrùn nǹkan ọmọkùnrin náà bí okùn, orí rẹ̀ wú, ó pọ́n. Ọmọ fẹ́ tọ̀, ìtọ̀ ò jáde. Alágbàfọ̀ ní kóun dá a padà. Ọwọ́ tó ń fún búláńkẹ́ẹ̀tì tì í, awọ ò gbà. Ó dìde, ó tún jókòó.

Aránṣọ tó wà ní yàrá kejì yọjú. "Ẹ̀yin ìyá yìí náà! Ọmọ lẹ gbé dání, kì í ṣe àpò ṣòkòtò. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù!"

"Èmi ni," ni Alágbàfọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì níkẹyìn. "Mo ní kó mọ́ ni."

"Nǹkan funfun yẹn kì í ṣe àrùn, Ìyá. Awọ ọmọ kékeré ṣì lẹ̀ mọ́ra, òun fúnra rẹ̀ á tú tó bá yá. Omi lásán, lóde awọ, ti tó. Ẹ má fipá fà á mọ́."

Dókítà fi oògùn tí ń pa ìrora sí i, ó ń fọwọ́ tẹ wíwú náà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí Alágbàfọ̀ di ọmọ mú. Ọmọ ń ké pe ìyá àgbà kó wá gba òun, ìyá àgbà náà ló sì dì í mú. Ó pẹ́. Awọ padà. Ìtọ̀ tú jáde, ó da sórí bàtà dókítà.

Láti ìgbà náà, tó bá ti rí ìyá àgbà pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn, Bàbá Kékeré á fọwọ́ méjèèjì bo ara, á sá tọ aránṣọ lọ. Alágbàfọ̀ mọ̀ pé òun jẹ ọmọ náà ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lanu láti san án. "Wá jẹun" ló jáde.